Bàbá Ń Bẹ̀bẹ̀, Mo Ní Ó Jẹ̀bi

Ẹnu ni mo fi ń jẹun, mi ò fi ṣe àwàdà. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù májísíréètì kan ní Iléṣà. Bí adájọ́ bá sọ èdè Òyìnbó, èmi ni mo ń sọ ọ́ di Yorùbá fún ẹlẹ́jọ́. Bí ẹlẹ́jọ́ bá fèsì, èmi ni mo ń gbé e padà. Yorùbá ni gbogbo wa nínú ilé yẹn, adájọ́ náà gbọ́ ọ ju èmi lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá fi Òyìnbó sọ ló ń wọ inú ìwé, ohun tó bá sì wọ inú ìwé ni ẹjọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹnu ọ̀hún ni mo fi ba ọjọ́ alẹ́ bàbá kan jẹ́.

Ẹ pè mí ní Ìyá Waliyullah. Ọmọ mi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Orúkọ tèmi ni mi ò lè kọ síbí, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni ilé wa. Bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, Old Garage ló kàn, mọ́tò Iléṣà ló kàn. Bí mo bá fi máa padà dé, ẹ̀yìn ti ń ro mí, ọmọ ti jẹun sùn. Tíráńsífà sí Òṣogbo ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Adájọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé, ló sì máa kọ̀wé sí i kí wọ́n tó lè fún mi.

Ọ̀gá mi yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kí ẹjọ́ ṣáà ti parí ni tirẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n máa ń ka iye ẹjọ́ tí kóòtù kọ̀ọ̀kan parí, kò sì fẹ́ kí tiwa kéré. Èmi náà mọ bí a ṣe ń mú ẹjọ́ yá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn tí kò ní lọ́yà máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan lẹ́bàá ọ̀nà. Màá lọ jókòó tì wọ́n, màá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé, "Ẹ má bá ìjọba jiyàn o. Ẹ bẹ̀bẹ̀. Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

Bí wọ́n bá wọlé tí wọ́n dọ̀bálẹ̀, màá kọjú sí adájọ́: "Ó jẹ̀bi, olúwa mi, pẹ̀lú àlàyé." Adájọ́ á ní kí ni àlàyé. Màá ní ìṣẹ́ ni, tàbí iṣẹ́ èṣù. Adájọ́ á bá wọn wí, á ní kí wọ́n gbá àyíká kóòtù fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì máa lọ sílé. Obìnrin kan tiẹ̀ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún mi nígbà kan. "Ìyá Ẹlẹ́bẹ̀" ni wọ́n ń pè mí nínú kóòtù. Wallahi, mo rò pé láádá ni mò ń gbà.

Ohun kan wà tí adájọ́ gbọ́dọ̀ sọ ṣáájú. Òfin ní kí ó jẹ́ kí ẹni tí kò ní lọ́yà mọ̀ pé ó ní ẹ̀tọ́ láti wá ọ̀kan, pé kóòtù lè fún un láyè, pé ó lè pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀. Ọ̀gá mi máa ń sọ gbogbo rẹ̀ lédè Òyìnbó lẹ́ẹ̀kan náà láìmí. Èmi ló yẹ kí n tú u palẹ̀. Mo ṣe é lọ́dún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún ènìyàn pé ó lè wá lọ́yà, ó lè ní òun fẹ́, ẹjọ́ á sì sún. Nígbà tó yá, bí adájọ́ bá ti sọ tirẹ̀ tán, màá kàn bi ẹlẹ́jọ́ pé, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Onítọ̀hún á ní òun ń gbọ́. Màá ní, "Ó ní ó yé òun, olúwa mi, òun ò fẹ́ lọ́yà."

Gbogbo wa la jọ ń gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, ní ìparí oṣù kẹta, ẹjọ́ mẹ́tàdínlógún ló wà nílẹ̀. Ọ̀gá mi pè mí wọ ọ́fíìsì láàárọ̀. "Ìyá Waliyullah," ó ní, "bí a bá parí gbogbo ìwọ̀nyí lónìí, mo máa fọwọ́ sí lẹ́tà yín kí n tó lọ sílé."

Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹ àkàrà tí mo rà.

Ẹni tó gbẹ̀yìn lórí bẹ́ǹṣì ni Bàbá Cornelius Béjidé, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, mégáàdì ilé ìwé àwọn ọmọ kékeré kan. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó ń kán oògùn sí i. Ìjẹ̀ṣà tó jinlẹ̀ ni bàbá ń sọ, ohùn tiwa ni mo fi ń kọ ọ́ kó lè yé yín.

"Kí ni wọ́n ní ẹ jí, bàbá?"

"Jẹnẹrétọ̀ ilé ìwé, ìyá. Èmi gan-an ni mo lọ sọ fún onílé ìwé pé wọn ò tíì gbé e padà. Ni wọ́n bá ní èmi ni mo gbé e."

Ó ti ọwọ́ bọ inú jákẹ́ẹ̀tì, ó fa ìwé kan yọ, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. "Ẹni tó bá wọlé, ẹni tó bá jáde, mo ń kọ ọ́ síbí. Ẹ wò ó."

Mo wò ó. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, ọwọ́ àwọn tí wọ́n lọ ilé ìwé ìjọ nígbà tí tíṣà ṣì ń na ènìyàn nítorí ìkọ̀wé. "Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jibril gbé jẹnẹrétọ̀ lọ fún àtúnṣe." Jibril fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ni Jibril?"

"Àbúrò onílé ìwé ni."

Mo pa ìwé náà dé. Mo mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín lẹ́yìn gbogbo irọ́ tí mo ti pa. Láti orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti mọ̀ pé bàbá yìí ò jí nǹkan kan.

"Bánkẹ́ ọmọ mi lọ wá lọ́yà kan," ó ní. "Ó ní kí n má sọ nǹkan kan kí òun tó dé."

Ẹ̀rù bà mí. Bí lọ́yà bá dé, ẹjọ́ á sún. Mẹ́rìndínlógún la ó parí, lẹ́tà mi á sì dúró.

"Bàbá, bí ẹ bá ní ẹ ń retí lọ́yà, wọ́n á dá yín padà sí àtìmọ́lé títí di oṣù tó ń bọ̀. Ṣé ẹ ó lè fara dà á?"

Ó mi ìgò oògùn ojú rẹ̀ létí. "Èyí ti fẹ́ tán."

"Ẹ ò rí i? Ẹ bẹ̀ wọ́n. Ilé yín lẹ ó sùn lónìí."

"Ṣùgbọ́n mi ò jí i, ìyá."

"Ta ló ní ẹ jí i? Ẹ ṣáà dọ̀bálẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n ṣàánú yín. Àánú lẹ ń tọrọ, ẹ ò jẹ́wọ́."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí àgbà bá ń bínú, ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ á dọ̀bálẹ̀ ná, ì báà má tíì mọ ohun tó ṣẹ̀. Tí inú bá rọ̀ tán la tó ń ro ẹjọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ bàbá nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ó wò mí pẹ̀lú ojú tó ń ṣomi.

"Ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀, ìyá," ó ní. "Bí ẹ bá ṣe wí la ó ṣe."

Wọ́n pè wá. Adájọ́ ka tirẹ̀ láìmí. Mo bi bàbá pé, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́ yín, ìyá."

"Ó yé e, olúwa mi. Kò fẹ́ lọ́yà."

Ìsípẹ́kítọ̀ Mikail tó ń rojọ́ fún ọlọ́pàá ka ẹ̀sùn. Adájọ́ ní kí ni bàbá rí sí i. Bàbá tún fẹ́ ti ọwọ́ bọ jákẹ́ẹ̀tì. Mo fi ojú sọ fún un pé rárá. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lára bọ́tìnnì fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. "Ẹ ṣàánú mi, olúwa mi. Ẹ má bínú. Ẹ dárí jì mí."

"Ó jẹ̀bi, olúwa mi, pẹ̀lú àlàyé."

"Kí ni àlàyé rẹ̀?"

Bàbá ṣì wà nílẹ̀. Mi ò tiẹ̀ bi í. "Ó ní ìṣẹ́ ló fà á."

Ọ̀gá mi bọ́ awò ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀, nítorí kì í bọ́ awò bó bá fẹ́ ṣàánú. "Ilé ìwé ọmọdé!" ó ní. "Oṣù tó kọjá, pákó àjà ilé ìwé mìíràn ni wọ́n jí. Ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́lé ló ń jalè. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Kò sí owó ìtanràn."

Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí fún ẹni tí mo bá bá a bẹ̀bẹ̀. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mo lè ní, "Olúwa mi, ẹ dákun, bàbá ní ìwé kan." Mi ò sọ ọ́.

Bàbá gbé orí sókè láti ilẹ̀. "Ìyá, ṣé wọ́n ti dárí jì mí?"

"Ẹ tẹ̀lé wọn, bàbá."

"Sílé?"

Ìgbà tí ọlọ́pàá di apá rẹ̀ mú ló tó yé e. Ó fi ìwé yẹn lé mi lọ́wọ́. "Ẹ bá mi fún Bánkẹ́," ó wí. Ó ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú un lọ.

Kò pé ìṣẹ́jú márùndínlógójì tí Bánkẹ́ sáré wọlé, lọ́yà ọ̀dọ́bìnrin kan ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Gbádéyan ni wọ́n ń pe lọ́yà náà. Ọ̀fẹ́ ló máa ń bá àwọn tí kò lówó rojọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, bàbá mi ńkọ́? Béjidé."

"Wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀."

"Wọ́n ti dá a kẹ̀? Wọn ò sọ fún un pé ó lè dúró de lọ́yà ni?"

"Wọ́n sọ fún un. Ó ní òun ò fẹ́."

Bánkẹ́ wò mí. "Bàbá mi? Bàbá tó rán mi lọ wá lọ́yà?"

Mo ń to fáìlì tí kò nílò títò.

"Ìwé géètì rẹ̀ ńkọ́? Ó wà lápò rẹ̀ láàárọ̀."

Ìwé náà wà nínú báàgì mi, lábẹ́ ìborùn mi. "Mi ò rí ìwé kankan," mo wí.

Lọ́yà Gbádéyan ò bá mi jà. Nítorí ọwọ́ mi ni fáìlì kóòtù ń wà, ó ní kí n fún òun ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ẹjọ́, kí àwọn lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni òfin fún wọn. Mo ní ẹni tó ń tẹ̀wé ò sí nílé. Wọ́n padà wá, mo ní iná ò sí. Wọ́n tún padà wá, mo ní ọ̀gá ò tíì fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ fáìlì náà wà nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mi. Bánkẹ́ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn láti àárọ̀ títí tí a ó fi tilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kẹrìnlélọ́gbọ̀n ni mo fún wọn.

Ọ̀gá mi fọwọ́ sí lẹ́tà mi lóòótọ́. Lẹ́tà lọ sí Òṣogbo, ó dúró síbẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù.

Ìwé bàbá sì wà nínú báàgì mi. Mi ò lè jó o, mi ò lè dá a padà. Mo ń gbé e lọ sí Iléṣà, mo ń gbé e bọ̀ wálé. Bí mo bá fẹ́ kírun, màá kọ́kọ́ gbé báàgì náà kúrò níwájú mi.

Oṣù kẹjọ tí bàbá wọ ẹ̀wọ̀n ni wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n yọ ìyókù nítorí ìwà rere rẹ̀. Lọ́yà ti kọ ìwé ẹ̀sùn mi ránṣẹ́, wọ́n sì pè mí síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ní Òṣogbo. Ọ̀gá mi kọ̀wé tirẹ̀ pé ohun tí ògbufọ̀ bá sọ ni òun ń kọ. Èmi náà ti búra sínú ìwé pé gbogbo ẹ̀tọ́ bàbá ni mo tú palẹ̀ fún un, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ní òun jẹ̀bi.

Bánkẹ́ ló fa bàbá lọ́wọ́ wọlé. Mo rò pé ara àgbà ló ń dà á láàmú ni. Ó kọsẹ̀ lára àga, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àga. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé kò ríran mọ́. Oògùn ojú rẹ̀ tán lọ́sẹ̀ kìíní tó wọ ẹ̀wọ̀n, kò sì rí òmíràn.

Ṣùgbọ́n mo ṣì purọ́.

"Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mà," mo wí fún alága, obìnrin kan tó ti dàgbà. "Ó ní òun ò fẹ́ lọ́yà. Ó ní òun jẹ̀bi."

Alága na ìwé ìbúra mi sókè. Ohùn rẹ̀ le. "Ẹni tó rán ọmọ rẹ̀ lọ wá lọ́yà! Ẹ fẹ́ kí n gba ìyẹn gbọ́?"

Èmi ló ń jágbe mọ́, ṣùgbọ́n bàbá ò rí ẹni tí wọ́n kọjú sí. Ohùn ìbínú ló gbọ́. Kí Bánkẹ́ tó dì í mú, ó ti dọ̀bálẹ̀. Ògiri ló dọ̀bálẹ̀ fún.

"Ẹ má bínú, olúwa mi. Ẹ ṣàánú mi. Ẹ dárí jì mí."

Alága rọ ohùn. "Bàbá, kí lẹ ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, mà. Mo gbọ́ pé inú yín ò dùn ni."

Wọ́n gbé e dìde. Bánkẹ́ ń gbọn eruku kúrò láyà rẹ̀, ó ń sunkún láìsọ̀rọ̀. Alága mú bírò, ó kọjú sí mi.

"Èmi gbọ́ ohun tí bàbá wí, ṣùgbọ́n Òyìnbó ni ìwé wa. Ẹ̀yin ni ògbufọ̀. Ẹ túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ká dárí ji òun. Kí ni kí n kọ? Pé ó jẹ̀bi?"

Ọdún mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ ò wọ́n mi lẹ́nu rí. Ó wọ́n mi lọ́jọ́ náà. Mo wo ojú bàbá, àwọn àgbà sì ti ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú tí mo ń wò ò lè wò mí.

"Kò jẹ̀bi," mo wí. "Kò jẹ̀bi lónìí, kò jẹ̀bi lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ ẹ̀tọ́ kankan fún un. Èmi ni mo ní kó bẹ̀bẹ̀. Èmi ni mo ní ìṣẹ́ ló fà á. Astagafurulai."

Mo ṣí báàgì, mo gbé ìwé náà sórí tábìlì. Bánkẹ́ pariwo kan ṣoṣo nígbà tó rí i. Títí mo fi máa kú, etí mi ò ní gbàgbé ariwo yẹn.

Wọ́n fún bàbá ní ìwé rẹ̀. Ó fi ìka pa ẹ̀yìn rẹ̀. "Bánkẹ́," ó ní, "ka ti Sátidé yẹn sétí wọn."

Bánkẹ́ kà á. Jibril, aago mẹ́wàá àárọ̀, fún àtúnṣe.

"Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́," ni bàbá wí fún gbogbo wa.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bóyá ẹ rò pé ibẹ̀ ni ìdáláre ti dé. Kò dé. Ìgbìmọ̀ ní àwọn ò lágbára láti fagi lé ẹjọ́ tí kóòtù dá. Ọgbọ̀n ọjọ́ sì ti kọjá. Lọ́yà Gbádéyan ní kí wọ́n fún àwọn láyè láti pe ẹjọ́ lẹ́yìn àsìkò. Wọ́n ti sún èyí lẹ́ẹ̀marùn-ún báyìí, ó ti lé lọ́dún kan. Wọ́n gbé Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé lọ sí kóòtù mìíràn. Jibril ò sí ní Iléṣà mọ́. Nínú ìwé ìjọba, olè ni bàbá ṣì jẹ́.

Èmi ńkọ́? Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n fà mí sẹ́yìn ní ìpele kan. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ ṣe ògbufọ̀ mọ́, wọ́n sì gbé mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Ní Òṣogbo.

Ìsípẹ́kítọ̀ Mikail ló kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Waliyullah, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i! Ṣebí Òṣogbo lẹ ń wá?" Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Mo lọ bẹ bàbá nílé. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó ṣe gbọ́ ohùn mi, ó ti ń wá ilẹ̀ tó máa dọ̀bálẹ̀ sí. Ó rò pé mo mú ìwé ìpẹ̀jọ́ mìíràn wá ni. Bánkẹ́ di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ dìde, mà," ó wí fún mi. "Ẹ̀bẹ̀ ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lọ sọ ohun tí ẹ ṣe síta, kí ẹ kọ orúkọ yín sí i."

Mo ti sọ ọ́ síta báyìí. Orúkọ ni mi ò ní ìgboyà láti kọ.

Bí ẹ bá ní ẹni tó ń lọ sí kóòtù, ẹ bá mi sọ fún un kó má bẹ̀bẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe. Kó ní òun ò jẹ̀bi, kó ní òun fẹ́ lọ́yà, kó sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Yàrá tí mo wà báyìí tutù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi ń dé ilé, mo sì ń bá ọmọ mi jẹun alẹ́. Fáìlì ń wá láti kóòtù kékeré káàkiri. Mo máa ń ṣí wọn kí n tó tò wọ́n. Gbólóhùn kan náà ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù, ọwọ́ ìkọ̀wé ló yàtọ̀: a ka ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un, ó yé e, kò fẹ́ lọ́yà, ó jẹ̀bi pẹ̀lú àlàyé. Nígbà míràn mo máa ń wo orúkọ ẹni náà pẹ́. Kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan. Màá fi okùn dì í, màá gbé e sí àyè rẹ̀.